Bí a ṣe lè tún ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ àti pirẹ́sì tò kí gàrí wa má baà bàjẹ́

Ẹni tí rédíò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó jọ̀ọ́ gbé e sí àárín kí gbogbo ẹgbẹ́ lè gbọ́, torí pé ọ̀rọ̀ tòní kan ìlera, ó sì kan àpò owó.

Ìbéèrè mẹ́ta kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń ṣe gàrí. Èkíní: kí ló dé tí gàrí mi fi ń bu nínú àpò kí ọjà tó kàn tó pé? Èkejì: kí ló dé tí oníbàárà fi ń bu gàrí mi wò, tí á ní kókó ti pọ̀ jù, tí á sì bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíì? Ẹ̀kẹta: kí ló dé tí igi ìdáná fi ń tán mọ́ mi lọ́wọ́, tí gàrí ò sì tíì gbẹ?

Tí ẹ bá wò ó dáadáa, ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ní gbòǹgbò kan náà. Àwa a máa dá iná lẹ́bi, a máa dá ẹ̀gẹ́ lẹ́bi, nígbà mìíràn a ó tilẹ̀ dá òjò lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà ni ìdí ẹ̀rọ: ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, àti pirẹ́sì tó ń fún omi rẹ̀ jáde. Bóòtù kan ti dẹ̀, pákó kan ti wọ́, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí a fẹ́ jọ sọ lónìí nìyẹn.

Ohun tí ẹ̀rọ méjèèjì ń ṣe fún wa

Kí a tó fọwọ́ kan bóòtù, ẹ jẹ́ ká mọ ìdí tó fi ṣe pàtàkì. Ẹ̀gẹ́ ní oró nínú, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sáyánáìdì. Ẹ̀gẹ́ tó korò ní púpọ̀, èyí tí kò korò ní díẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ wà lódindi, oró náà wà nídè. Ohun tó lè tú u sílẹ̀ náà wà nínú ẹ̀gẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n yàrá wọn yàtọ̀ síra. Ẹ̀rọ ìrin ló ń wó ògiri tó wà láàrin wọn. Nígbà tí wọ́n bá pàdé nínú omi ẹ̀gẹ́, oró á tú sílẹ̀. Apá kan á bá omi lọ nígbà tí a bá ń fún un, apá kan á bá atẹ́gùn lọ, ìyókù á gòkè bí oruku lórí iná.

Ṣé ẹ wá rí i báyìí? Bí ẹ̀rọ ìrin bá fi kókó sílẹ̀, ògiri ò tíì wó nínú kókó yẹn, oró ṣì wà níbẹ̀. Bí pirẹ́sì ò bá fún omi dáadáa, oró tó yẹ kó bá omi lọ ló kù sílẹ̀ yẹn. Torí náà, gàrí tó ní kókó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà ojú nìkan.

Ẹni tó bá jẹ ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa lè ní ẹ̀fọ́rí, kí òòyì máa kọ́ ọ, kó máa bì. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, pàápàá sí ọmọdé, ẹ má dúró ṣe àgbo, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Bí ènìyàn bá sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, ó lè dá kún gẹ̀gẹ̀ ọrùn fún ẹni tí kò rí iyọ̀ tó ní áyódínì jẹ. Ní ọdún 1981, ní ìhà Nampula ní orílẹ̀-èdè Mòsáńbíìkì, ọ̀dá mú. Ẹ̀gẹ́ tó korò nìkan ló kù fún àwọn ará oko, wọn ò sì ráyè ṣe é bó ṣe yẹ torí ebi. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn rọ, ọmọdé àti àwọn obìnrin ló pọ̀ jù. Àìsàn yẹn ni wọ́n ń pè ní konzo, ẹsẹ̀ tó bá sì ti rọ báyẹn kì í padà bọ̀ sípò. A ò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Gàrí tí a rin dáadáa, tí a jẹ́ kó kan, tí a fún, tí a sì yan jinná jẹ́ oúnjẹ tó dára. Kí á má kánjú ni.

Ẹ̀rọ ìrin: kí ojú rẹ̀ ṣe déédéé

Ẹ̀rọ ìrin tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní igi róbótó kan tí a fi páànù tí a fi ìṣó lu yí ká. Eyín páànù yẹn ló ń rin ẹ̀gẹ́. Níwájú rẹ̀ ni pákó kan wà tí ẹ̀gẹ́ ń gbára lé. Àlàfo tó wà láàrin pákó àti eyín ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bóòtù méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ló máa ń sún pákó náà síwájú tàbí sẹ́yìn.

Bí àlàfo bá fẹ̀ jù, ẹ̀gẹ́ á máa já bọ́ ní wóro wóro. Bí ó bá há jù, eyín á máa ha pákó, igi á máa bọ́ sínú oúnjẹ, eyín á sì tètè kú. Bí ó bá fẹ̀ lápá kan tó há lápá kejì, èyí ló burú jù, torí pé ẹ ó máa rí ẹ̀gẹ́ tó kúnná àti èyí tó ní kókó nínú abọ́ kan náà, ẹ ò sì ní mọ ìdí rẹ̀.

Báyìí ni ẹ ṣe lè tún un tò. Àkọ́kọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣe fọwọ́ lé e pé ó fẹ́ dúró. Ẹ jẹ́ kó dúró pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ bẹ́líìtì kúrò. Bí bẹ́líìtì bá ṣì wà lára rẹ̀, bí ẹnì kan bá ṣèèṣì yí ẹ́ńjìnnì, ìka lọ nìyẹn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ẹ̀gẹ́ àná tó ti gan mọ́ ojú eyín kúrò, ẹ má fi ọwọ́ lásán ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dẹ̀ bóòtù méjèèjì díẹ̀. Ẹ gé páálí pẹlẹbẹ kan lára ilé ìṣáná. Ẹ kì í bọ àlàfo náà lápá ọ̀tún, ẹ kì í bọ̀ ọ́ lápá òsì. Ẹ yí bóòtù le díẹ̀díẹ̀, ìlàrin yíyí kan lẹ́ẹ̀kan, ọ̀tún kí òsì tó tẹ̀lé e, títí páálí yẹn á fi máa wọlé pẹ̀lú ìnira díẹ̀ ní ìhà méjèèjì bákan náà. Ẹ wá fi ọwọ́ mú àáké tí bẹ́líìtì ń gbà, kí ẹ yí igi róbótó náà ká lẹ́ẹ̀kan. Kò gbọdọ̀ ha níbì kankan. Bí ó bá ń ha níbì kan ṣoṣo, a jẹ́ pé páànù ti wú níbẹ̀ tàbí ìṣó kan ti yọ; ẹ kàn án mọ́lẹ̀.

Bí ó bá ti bọ́ sí i, ẹ fi nọ́ọ̀tù kejì de bóòtù náà mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń fo ibí yìí. Ẹ̀rọ a máa gbọ̀n, ohun tó bá sì ń gbọ̀n a máa tú ara rẹ̀. Ẹ tún un tò láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti dẹ̀, torí pé kò sí nọ́ọ̀tù kejì tó dì í mú.

Ìdánwò ló kàn. Ẹ má da ẹ̀kún agbọ̀n sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ẹ̀gẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin dán an wò, kí ẹ bu èyí tó jáde sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi àtàǹpàkò fọ̀ ọ́. Bí ó bá kúnná bákan náà, iṣẹ́ ti ṣe. Bí wóro bá ṣì wà, ẹ tún pa ẹ̀rọ, kí ẹ tún yí i ní ìlàrin yíyí kan. Bí ẹ bá ti yí i títí tí kókó ò sì lọ, bóòtù kọ́ ló ṣẹ̀. Eyín páànù ló ti kú. Ẹ pa páànù dà. Fífi bóòtù há eyín tó ti kú mọ́ pákó, ẹ̀rọ lẹ ń bàjẹ́ yẹn.

Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ yìí, kó ká ìró rẹ̀ sókè, kó so gèlè rẹ̀ le, kó má fi ọwọ́ ti ẹ̀gẹ́ tó bá kù. Igi ni kó fi tì í. Ọmọdé ò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀.

Kó kan ná, ká tó fún un

Kí a tó dé ìdí pirẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan wà. Àwọn kan ti ní pirẹ́sì tó lágbára báyìí, wọ́n á rin ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, wọ́n á fún un ní ọ̀sán, wọ́n á yan án ní ìrọ̀lẹ́. Ó yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oró yẹn nílò àsìkò nínú omi ara rẹ̀ kó tó tú sílẹ̀ tán. Bí ẹ bá gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ kíákíá, ẹ ti dá iṣẹ́ náà dúró láàárín. Ẹ jẹ́ kó sùn ó kéré tán ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Àwọn Ìjẹ̀bú tí gàrí wọn kan, tí gbogbo ènìyàn ń wá, máa ń jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òórùn kíkan rẹ̀ ló máa sọ fún yín pé iṣẹ́ ń lọ.

Pirẹ́sì: má dè é tán lẹ́ẹ̀kan náà

Iṣẹ́ fífún ẹ̀gẹ́ kì í ṣe tuntun. Láti Bùràsílì ni ẹ̀gẹ́ ti wá, àwọn Potogí ló gbé e kọjá òkun. Àwọn ènìyàn wa tó padà ti ibẹ̀ dé, àwọn tí à ń pè ní Àgùdà ní Àjàṣẹ́ àti ní Èkó, wà lára àwọn tó tan ìmọ̀ gàrí ká. Ní Bùràsílì lọ́hùn-ún, àwọn onílẹ̀ máa ń fi ẹ̀gẹ́ sínú apó gígùn tí wọ́n hun, tí wọ́n ń pè ní tipiti, wọ́n á fà á gùn títí omi á fi ro jáde. Àwọn ìyá wa fi òkúta ńlá lé àpò, tàbí wọ́n fi igi méjì há a láàárín kí wọ́n fi okùn dè é. Pirẹ́sì onírin ti òde òní, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe: férémù irin kan, pátákó kan lókè, àti ọ̀pá irin tó lójú yíká bíi bóòtù ńlá tí à ń yí sísàlẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wò ni ìdúró rẹ̀. Ilẹ̀ wa níhìn-ín, pàápàá ilẹ̀ dúdú ti ìhà Ọ̀họ̀rí, máa ń wú nígbà òjò, ó sì máa ń là nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Pirẹ́sì tó dúró ṣánṣán ní oṣù kejì lè ti wọ́ ní oṣù kẹfà. Bí férémù bá wọ́, pátákó á tẹ apá kan jù, apá kejì á kù sílẹ̀ pẹ̀lú omi rẹ̀. Ẹ bu omi sínú abọ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ gbé e lé orí pátákó. Ibi tí omi bá sún sí, ibẹ̀ ló rẹlẹ̀. Ẹ fi pákó tàbí òkúta pẹlẹbẹ gbé e sókè títí omi á fi dúró déédéé. Bí agbára bá wà, ẹ da sìmẹ́ńtì sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ sinmi.

Ohun kejì ni àpò. Ẹ má kún un dẹ́nu. Ẹ dì í níwọ̀n, kí ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí ẹ sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín àpò kan àti èkejì, kí omi lè rí ọ̀nà gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe lo àpò tí ajílẹ̀ tàbí oògùn kòkòrò ti wà nínú rẹ̀ rí, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó.

Ohun kẹta ni yíyí. Ibí yìí ni ìkánjú ti ń ba nǹkan jẹ́. Bí ẹ bá fi gbogbo agbára yí i lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yìn àpò á ti gan, á ti di ògiri, omi àárín ò ní rọ́nà jáde mọ́. Àpò sì lè bẹ́. Ẹ yí i títí omi á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, kí ẹ dúró. Nígbà tí ṣíṣàn bá ti di ríro, ẹ tún yí i díẹ̀, kí ẹ tún dúró. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí di alẹ́, kí ẹ jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, ẹ fún un nígbẹ̀yìn.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tó? Ọ̀nà méjì wà. Bí ìwọ̀n bá wà ní ẹgbẹ́ yín, ẹ wọn àpò kí ẹ tó fún un. Ẹ̀gẹ́ rírin tó jẹ́ kìlò 50, bí ẹ bá fún un tán, ó yẹ kó kù bíi kìlò 33 sí 35. Bí ó bá ṣì jẹ́ 40, omi bíi kìlò márùn-ún sí méje ṣì wà nínú rẹ̀ tí iná yín á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lé jáde. Ibi tí igi ń lọ nìyẹn. Bí ìwọ̀n ò bá sí, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un mọ́wọ́. Kò gbọdọ̀ ro. Bí ẹ bá la ọwọ́, kó dúró bí ìṣù. Bí ẹ bá fi ìka fọ̀ ọ́, kó túká wẹ́wẹ́. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kò tíì tó.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, àfúnjù náà wà. Ẹ̀gẹ́ tó gbẹ jù kí ó tó dé agbada kì í jinná dáadáa, torí pé omi díẹ̀ ló ń bá ooru ṣiṣẹ́ láti sè é. Á kàn dà bí ìyẹ̀fun, kò ní wú nínú omi. Oníbàárà tó bá rẹ ẹ, tó rí i pé kò wú, kò ní padà wá.

Fún àwọn tó ń lo jáàkì mọ́tò, tí àwọn mìíràn ń pè ní kíríkì: àárín gan-an ni kí jáàkì dúró sí, lórí irin pẹrẹsẹ. Bí ó bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, agbára tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè ta á jáde bí òkúta kànnàkànnà. Ẹ má tẹ orí sún mọ́ ọn, ẹ má sì fi páìpù gígùn kún ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ lè rí agbára sí i. Ẹ tún wo ìdí rẹ̀ lójoojúmọ́; epo inú jáàkì tó bá ń jò, inú gàrí ló ń ro sí. Ojú ọ̀pá pirẹ́sì náà nílò epo kó lè yí, ṣùgbọ́n kì í ṣe epo ẹ́ńjìnnì. Àwa tí ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà nítòsí wa ní Pobẹ̀ láti ọdún 1922, ṣé epo ló wọ́n wa? Ẹ fi epo pupa tàbí àdí ra á. Bí ó bá ro sínú oúnjẹ, oúnjẹ náà ni.

Omi tó jáde ńkọ́? Oró tí a lé kúrò, inú rẹ̀ ló wà. Ewúrẹ́ tó bá mu ún lè kú. Ẹ gbẹ́ kòtò fún un, jìnnà sí kànga àti odò, kí ẹ fi nǹkan bò ó.

Láti agbada dé ọjà

Ẹ tú ìṣù, ẹ fi ajọ̀ kù ú, kí ẹ yan án níwọ̀nba níwọ̀nba. Ẹ jẹ́ kí ibi tí ẹ ti ń yan án ṣí sí afẹ́fẹ́, torí oruku tó ń gòkè ló gbé oró tó kù lọ, kò sì yẹ kó jẹ́ ẹ̀yin àti ọmọ tó wà lẹ́yìn yín ló máa fà á símú. Bí gàrí bá jinná, ẹ tẹ́ ẹ kó tutù kí ẹ tó dì í. Gàrí gbígbóná tí a dì sínú àpò, òógùn ara rẹ̀ ló máa mú kó bu.

Codex Alimentarius, ìlànà oúnjẹ tí FAO àti àjọ ìlera àgbáyé OMS jọ gbé kalẹ̀, sọ pé omi inú gàrí kò gbọdọ̀ ju ìdá 12 nínú 100 lọ, oró rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kìlò kan. A ò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìyẹn nílé. Ṣùgbọ́n ìrin tó kúnná, sísùn tó tó, fífún tó péye àti iná tó jinná ló ń gbé wa sún mọ́ ọn. Gàrí tó sì gbẹ kọ́ńkọ́ ní ń pẹ́ nínú àpò, ó sì lè dúró de ìgbà tí owó rẹ̀ bá gòkè. Ẹni tí gàrí rẹ̀ tutù, ọjọ́ ọjà yẹn náà ló gbọ́dọ̀ tà á, iye tí oníbàárà bá pè ni yóò gbà.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí oúnjẹ: ẹ má jẹ gàrí lásán lójoojúmọ́. Ẹ fi ẹ̀wà sí i, ẹ fi ẹja sí i. Ohun tó wà nínú wọn máa ń ran ara lọ́wọ́ láti lé oró kékeré tó bá kù jáde. Iyọ̀ tó ní áyódínì ni kí ẹ máa rà.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ yìí

Kí ẹ tó tú ká, ẹ jọ dáhùn àwọn ìbéèrè yìí. Ìgbà wo ni a tún ẹ̀rọ ìrin abúlé wa tò gbẹ̀yìn, ta ló sì tún un tò? Ṣé nọ́ọ̀tù kejì wà lára bóòtù rẹ̀? Ibo ni omi pirẹ́sì wa ń ṣàn lọ? Ta ni a lè yàn láàrin wa tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà di ti gbogbo ayé tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni?

Ẹ gbé abọ́ omi lé orí pátákó pirẹ́sì yín kí ọjà tó ń bọ̀ tó pé, kí ẹ wò ó bóyá ó dúró déédéé. Ẹ̀gẹ́ tí ẹ fi oṣù mẹ́wàá tàbí ọdún kan dúró dè lóko, bóòtù kan ṣoṣo ò yẹ kó bà á jẹ́.